Platelet ń tán lára àbúrò mi kíákíá, ṣé wọn ò ti lù wá ní jìbìtì?

Ìbéèrè tó wọlé lọ́sẹ̀ yìí rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún 26 ni mí, Òṣogbo ni mò ń gbé. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe àbúrò mi obìnrin, ó ti ń gba kímò láti oṣù tó kọjá. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn dókítà ní platelet ẹ̀ ti já sí 8,000, pé ká wá èèyàn tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Mo kó èèyàn mẹ́fà lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, a sì sanwó. Nǹkan tí wọ́n wá gbé dé, omi yẹ́lò kan báyìí ni, báàgì kékeré mẹ́rin, kò pupa rárá, kò sì tutù, orí máṣíìnì kan tó ń mì jẹ́jẹ́ ni wọ́n ti gbé e, wọ́n ní ọjọ́ kẹta ẹ̀ nìyẹn níbẹ̀. Mo ní ṣé kò ní bàjẹ́ báyìí, wọ́n ní fíríìjì gan-an ló máa bà á jẹ́. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ó ti dé 31,000, inú wa dùn, ó di ọjọ́ karùn-ún ó tún ti padà sí 11,000. Ṣé wọn ò ti lù wá ní jìbìtì? Kí ló dé tí wọn ò lè kó èyí tó pọ̀ pamọ́ fún un? Àbúrò bàbá mi tó wà ní London ní wọ́n máa ń dì í bíi yìnyín lọ́dọ̀ tiwọn. Àwọn aládùúgbò ní ká máa fún un ní ugu àti mílíìkì. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ là mí lọ́yẹ̀."

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn o, Ọlọ́run á fún un lálàáfíà. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí blood bank, mi ò sì lè ka iye ẹbí tó ti dúró níwájú wíńdò wa tó bi mí ní ìbéèrè rẹ yìí gẹ́lẹ́, àwọn kan á bi mí tẹkúntẹkún, àwọn kan á tiẹ̀ fẹ́ bá mi jà. Jẹ́ n kọ́kọ́ fi ọkàn rẹ balẹ̀: kò sẹ́ni tó lù yín ní jìbìtì níbi tí mo ti kà á dé yẹn. Nọ́ńbà tó o kọ ránṣẹ́ gan-an ló ń jẹ́rìí pé ohun tí wọ́n fà sí i lára ṣiṣẹ́, màá ṣe ìṣirò ẹ̀ fún ọ tá a bá débẹ̀. Ohun tó da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ yín lójú ni pé ojú ẹ̀jẹ̀ pupa lẹ fi ń wo platelet, ìyẹn èérún inú ẹ̀jẹ̀ tó ń dí ojú ibi tó bá ya kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà, bẹ́ẹ̀ inú báàgì kan náà lóòótọ́ ni wọ́n ti jáde, ìwà wọn ò jọra rárá.

Ẹ̀jẹ̀ pupa, ìyẹn rọrùn. Wọ́n á gbà á, wọ́n á gbé e sí fíríìjì, ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 35, tí wọ́n bá lo àwọn omi oògùn kan sí i ó lè pé 42. Platelet ò gba ìyẹn. Ṣó o ti rí bí ògì ṣe ń tòrò rí, tí ògì á sùn sísàlẹ̀ tí omidùn á léfòó? Bí báàgì ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rí náà nìyẹn tá a bá ti kó o sínú máṣíìnì tó ń fi í yí bírí, pupa á sùn sísàlẹ̀, omi yẹ́lò á bọ́ sókè, inú omi yẹ́lò yẹn àti ibi tó ti pàdé pupa ni platelet wà. Òun lẹ rí tẹ́ ẹ ní kò pupa. Ẹ̀jẹ̀ bíi 450 mílílítà la ń gbà lára ẹnì kan, platelet tó ń jáde nínú ẹ̀ kì í ju bíi 50 sí 60 mílílítà lọ, ẹyọ báàgì bẹ́ẹ̀ kan á gbé nọ́ńbà àgbàlagbà sókè pẹ̀lú 5,000 sí 10,000, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé mẹ́rin dé. Mẹ́rin gbé e láti 8,000 dé 31,000, ó pé.

Platelet fúnra ẹ̀ kì í ṣe odidi sẹ́ẹ̀lì, èérún ni. Inú mùdùnmúdùn egungun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ràbàtà kan wà tí wọ́n ń jẹ́ megakaryocyte, àwọn yẹn ló ń já ara wọn wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀ bí ìgbà tí ìyá bá ń bu àkàrà fún ọmọ, èérún kọ̀ọ̀kan di platelet kan. Tó o bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìbú ẹ̀ ò ju méjì tàbí mẹ́ta nínú ẹ̀ lọ. Ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Giulio Bizzozero ló rí i dáadáa ní 1882, ó rí bó ṣe ń rọ́ lọ síbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ti ya, ó sì sọ ọ́ lórúkọ tó jọ àwo kékeré torí pé pẹlẹbẹ ló rí. Tí ò bá sí wàhálà, á kàn máa lọ máa bọ̀ ní pẹlẹbẹ ẹ̀. Tó bá ti fojú kan ibi tó ya báyìí, á wú róbótó, á na ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ síta bí aláǹtakùn, á tú ẹrù inú ẹ̀ jáde láti fi pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, wọ́n á di ara wọn mú, ihò á dí. Ẹni tára ẹ̀ dá ní 150,000 sí 400,000 nínú máíkírólítà kan ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ẹ̀kán tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́. Kò sì pẹ́ láyé, ọjọ́ 8 sí 10 péré, ara á tún ṣe òmíràn. Fi ọjọ́ 8 sí 10 yẹn sọ́kàn.

Ní ti fíríìjì, má rò pé ìwọ nìkan lo ro ó bẹ́ẹ̀, àwọn tó mọ̀wé gan-an náà ro ó bẹ́ẹ̀, inú fíríìjì ni wọ́n ń kó platelet sí láyé ọjọ́un. Ní 1969 ni dókítà méjì, Murphy àti Gardner, gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà: wọ́n sàmì sí platelet, wọ́n tọ́jú apá kan sínú òtútù, apá kan sí bíi 22°C, wọ́n wá fà á padà sára èèyàn, wọ́n ń wo iye ọjọ́ tó máa lò. Èyí tó ti inú òtútù bọ̀ ò pẹ́ tó fi pòórá nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó wà níta ló bá wọn kalẹ́. Bó ṣe di pé gbogbo ayé gba 20 sí 24°C nìyẹn o. Wọ́n á máa pè é ní ooru inú yàrá nínú ìwé, yàrá oyinbo ni wọ́n ń wí, torí yàrá tèmi lóṣù kẹta kọjá 30 dáadáa, nítorí náà lọ́dọ̀ tiwa àpótí tó ń lo iná ló ń bá wa mú un sí 22, tí ò bá síná kò sí ìwọ̀n yẹn.

Kí wá ni òtútù ń ṣe sí i? Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí wọ́n tó rídìí ẹ̀. Òtútù á kọ́kọ́ sọ pẹlẹbẹ di róbótó, ìyẹn tiẹ̀ ṣì kéré. Ní 2003, Karin Hoffmeister àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Boston fi hàn pé àwọn èròjà kan tó fọ́n káàkiri lára platelet, òtútù máa ń kó wọn jọ sójú kan, ṣúgà tó wà lórí wọn á wá hàn síta lọ́nà tí kò yẹ kó fi hàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀ á rí i, wọn ò ní dá a mọ̀ ní ọmọ ilé mọ́, wọ́n á gbé e mì. Àwọn onímọ̀ ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ṣúgà mìíràn bo ti tẹ́lẹ̀ lórí. Ó ṣiṣẹ́ fún èkúté. Wọ́n dán an wò lára èèyàn, èsì ẹ̀ jáde ní 2008, kò ṣiṣẹ́. Bí iṣẹ́ wa ṣe máa ń rí nìyẹn, èkúté á ní bẹ́ẹ̀ ni, èèyàn á ní rárá.

Mímì tó o rí ńkọ́? Platelet wà láàyè nínú báàgì yẹn, ó ń jẹ, ó ń mí. Ṣúgà inú omi ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ, tí ò bá sì rí afẹ́fẹ́ tó mí sínú, kíkan lohun tó ń yà sílẹ̀, omi yẹn á máa kan díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀kọ àná, tí pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó, bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 6.2 ó ti bàjẹ́ nìyẹn, bó o bá tiẹ̀ fà á sí èèyàn lára kò ní dúró. Ìdí nìyí tí ọ̀rá báàgì platelet fi yàtọ̀, wọ́n ṣe é kí afẹ́fẹ́ lè gba ara ẹ̀ wọlé jáde, mímì yẹn ló sì ń jẹ́ kó kárí gbogbo wọn. Tí mímì bá dúró, bóyá torí wọ́n ń gbé e láti ìlú kan sí òmíràn, ìlànà ò fàyè gba ju wákàtí 24 lọ.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í kọ́kọ́ ka ìwé tó wà lára báàgì o, á gbé e lọ sójú wíńdò níbi tí oòrùn ti ń wọlé, á fi àtàǹpàkò tẹ ìdí ẹ̀ jẹ́jẹ́, á ní "wá wò ó." Tó bá dáa, wàá rí nǹkan kan tó ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì nínú omi yẹ́lò yẹn, á máa yí bí èéfín, torí pé pẹlẹbẹ ni wọ́n, bí wọ́n ṣe ń yí ni wọ́n ń ju ìmọ́lẹ̀ síbí ju ú sọ́hùn-ún, bí ẹja wẹ́wẹ́ nínú odò tí oòrùn bá kàn wọ́n. Tí wọ́n bá ti di róbótó, kò sí ìtànṣán kankan, á kàn rí bàìbàì bí omidùn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, mi ò mọ ẹ̀rọ olówó ńlá tó tètè sọ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún kan wà ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ ṣáájú, NEPA mú iná lálẹ́ Friday, jẹnẹrétọ̀ ò ní dísẹ̀ẹ̀lì, ọmọ kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rí i pé máṣíìnì ò mì mọ́, ó rò pé òun ń ṣe dáadáa, ó kó báàgì mẹ́jọ sínú fíríìjì ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí sólà. Mo dé láàárọ̀ Monday, mo gbé wọn lọ sójú wíńdò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ò tàn. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ la dà nù, bẹ́ẹ̀ aláìsàn méjì ló ń retí wọn, ọ̀kan nínú wọn ò tíì pé ọdún mẹ́fà. Mi ò lè bá ọmọ yẹn wí, àwa la ò sọ fún un.

Tí kò bá gbọ́dọ̀ tutù, kí ló dé tí a ò fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí máṣíìnì? Ibi tí wàhálà gidi wà rèé. Ooru wà, ṣúgà wà, afẹ́fẹ́ wà, a tún ń mì ín, ẹni tó bá fẹ́ sin bakitéríà kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara awọ, níbi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé, ni wọ́n sábà ń gbà wọ inú báàgì, wọ́n lè má ju márùn-ún lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin wọ́n ti di ọ̀kẹ́ àìmọye. Ní 1984, Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n tọ́jú platelet fún ọjọ́ 7 torí báàgì tó ń mí dáadáa ti dé, nígbà tó di 1986 wọ́n ti sá padà sí ọjọ́ 5, ìròyìn àwọn tí bakitéríà bá platelet wọ ara wọn ti ń pọ̀ jù. Ṣó o rí i báyìí, kì í ṣe pé platelet máa ń kú lágogo méjìlá òru ọjọ́ karùn-ún, bakitéríà la ń sá fún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń lo ọjọ́ 7 báyìí, ohun tó fún wọn láyè ni pé láti 2011 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wá bakitéríà nínú platelet kó tó jáde. Àwọn kan tún ń da oògùn kan tó ń jẹ́ amotosalen sí i, wọ́n á tan iná ultraviolet sí i lára, ìyẹn á ba ohun tí bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì fi ń bí òmíràn (DNA tàbí RNA wọn) jẹ́ kí wọ́n má lè pọ̀ sí i mọ́, platelet tí kì í bí òmíràn tẹ́lẹ̀ ò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2014. Owó ni ìyẹn o. Lọ́dọ̀ tiwa, HIV, hẹpatáítìsì B àti C pẹ̀lú syphilis ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wíwá bakitéríà nínú báàgì platelet ò tíì wọ́pọ̀. Nítorí náà tí wọ́n bá ń fà á sí i lára lọ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ara ẹ̀ gbóná lójijì, tàbí tó ní òun ò lè mí dáadáa, má sọ pé kó fara dà á, sáré pe nọ́ọ̀sì kí wọ́n dá a dúró lójú ẹsẹ̀.

Àbúrò bàbá rẹ ò parọ́, ó kàn gbọ́ ọ lápá kan ni. Èyí tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ ní London, bíi tiwa náà ni, 22°C lórí máṣíìnì tó ń mì. Àmọ́ wọ́n ń di platelet lóòótọ́, àwọn ọmọ ogun Netherlands ṣe é nígbà tí wọ́n wà ní Afghanistan, wọ́n á pò ó mọ́ oògùn kan tó ń jẹ́ DMSO, wọ́n á dì í sí -80°C, á wà níbẹ̀ fún ọdún méjì. Tí wọ́n bá wá yọ́ ọ, èyí tó máa ń ṣòfò nínú ẹ̀ ò kéré, èyí tó kù ti ta kìjí, ó ti ṣetán láti dì mọ́ nǹkan, kì í sì pẹ́ nínú ara. Ọmọ ogun tí bọ́ǹbù gé lẹ́sẹ̀, ohun tó ń wá gan-an nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ń dà, dá a dúró báyìí, ti ọ̀la á dúró de ọ̀la. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí wọ́n tún padà sí fíríìjì: láti 2015 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti gba platelet inú òtútù láàyè fún ọjọ́ 3 fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀, ní 2023 wọ́n sún un dé ọjọ́ 14 níbi tí èyí tí a mọ̀ ò bá sí. Àbúrò rẹ ò sí nínú ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ò dà lára ẹ̀, ohun tí a fẹ́ ni kí platelet máa rìn kiri nínú ara ẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kó máa ṣọ́ ọ, ti inú òtútù ò lè ṣe ìyẹn. Àwọn ará Japan tiẹ̀ ti ń gbin platelet nínú láàbù láti ara sẹ́ẹ̀lì èèyàn, wọ́n ti fà á sí aláìsàn kan lára, ó ṣì jìnnà sí Òṣogbo.

Ó wá ku ìṣirò tí mo ṣèlérí. Ní 1985, Hanson àti Slichter wo àwọn tí mùdùnmúdùn egungun wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n rí i pé bí èèyàn ò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan, tó kàn sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, ara ẹ̀ ń ná bíi 7,100 lójúmọ́ nínú máíkírólítà kọ̀ọ̀kan, ó ń fi dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí a ò mọ̀ pé ó ń lu. Ẹni tó ní 250,000 ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n fún ọmọ iléèwé ní 31,000 náírà, kó máa ná 7,000 lójúmọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi kọ́bọ̀ kún un, ọjọ́ mélòó ló máa lò? Kímò ti dá iṣẹ́ mùdùnmúdùn egungun ẹ̀ dúró fúngbà díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fi kún un. Láti ọjọ́ kejì sí ọjọ́ karùn-ún jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, 31,000 di 11,000, 20,000 ló lọ, ìyẹn ń lọ sí bíi 6,700 lójúmọ́. Ṣó ti yé ọ báyìí? Ohun tí ara ẹ̀ ń ná gẹ́lẹ́ ló ná, kò sí olè níbẹ̀. Ká ní ibà mú un tàbí kòkòrò wọ ara ẹ̀ ni, ì bá tiẹ̀ tètè tán jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ì bá kó mi láyà sókè ni tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò láàárín wákàtí kan tí wọ́n fà á tán tí kò gbéra rárá, tí ìyẹn sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí nígbà yẹn ó lè jẹ́ pé ara ẹ̀ ti ní ọmọ ogun tó ń gbógun ti platelet ẹlòmíràn, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà àti obìnrin tó ti bímọ bíi mélòó kan, á di pé kí wọ́n wá ẹni tí àmì HLA ẹ̀, ìyẹn àmì tí ara fi ń dá sẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, bá tiẹ̀ mu, kò rọrùn níbí. Nọ́ńbà náà sì máa ń parọ́ nígbà mìíràn o. Oògùn inú ọ̀pá ìgo olórí pọ́pù tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ sí, fún àwọn kan ó máa ń jẹ́ kí platelet lẹ̀ mọ́ra nínú ìgo, máṣíìnì á kà á sí díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó pọ̀ lára ẹni náà. Wọ́n ti ránṣẹ́ wá gba platelet lọ́wọ́ mi rí fún ọkùnrin kan tó ń rìn kiri tó ń jẹ iyán, mo wò ó lábẹ́ maikirosíkópù, ó dì gbẹ̀ǹgbẹ̀ bí gààrí tí omi ò kárí, a tún un gbà sí ìgo olórí búlúù, kò sí nǹkan tó ṣe é.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 150,000 lé ẹ kiri. Kì í ṣe ohun tá a ń wá nìyẹn fún ẹni tó ń gba kímò, tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dà, tí ara ò gbóná, 10,000 ni ọ̀pọ̀ dókítà ń wò, tó bá já sísàlẹ̀ ẹ̀ wọ́n á fún un, ìdí nìyẹn tí 8,000 fi mú wọn sáré tó ṣeé ṣe kí 11,000 má mú wọn sáré, kì í ṣe pé wọ́n pa yín tì. Slichter yìí kan náà darí ìwádìí tó jáde ní 2010 lórí aláìsàn 1,272, wọ́n fún àwọn kan ní díẹ̀, àwọn kan ní ìwọ̀nba, àwọn kan ní púpọ̀, àwọn tó gba díẹ̀ ò ṣẹ̀jẹ̀ jù àwọn yòókù lọ. Ti àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé, ní 2019, ló tiẹ̀ ya gbogbo wa lẹ́nu, àwọn tí wọ́n ń fún ní platelet tí nọ́ńbà wọn bá ti já sísàlẹ̀ 50,000 ló kú tàbí ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jù àwọn tí wọ́n dúró dìgbà tó já sísàlẹ̀ 25,000 lọ. Ugu dáa, kó jẹ ẹ́ bí oúnjẹ tó bá ti sè dáadáa, irin inú ẹ̀ wúlò fún ẹ̀jẹ̀ pupa, àmọ́ kò sí ugu, kò sí mílíìkì, kò sí malt tó ń gbé platelet tí kímò dá dúró dìde. Ewé ìbẹ́pẹ náà wọ́n á sọ ọ́ fún ẹ, ọ̀rọ̀ ibà dengue ni wọ́n fi ń wádìí ẹ̀ ní ilẹ̀ Éṣíà, kì í ṣe ẹni tó wà lórí kímò, má fún un ní àgbo kankan tí dókítà ẹ̀ ò mọ̀ nípa ẹ̀. Kó má lo aspirin tàbí ibuprofen, kó má gba abẹ́rẹ́ sí ìdí, kó fi pákò sílẹ̀ fúngbà yìí, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kó lò, torí èrìgì ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣẹ̀jẹ̀. Tí orí bá ń fọ́ ọ gan-an lójijì tàbí ojú ẹ̀ ń ṣe bàìbàì, má dúró kí ilẹ̀ mọ́, gbé e lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀.

Àṣìṣe kan ṣoṣo tí mo rí nínú gbogbo ohun tó o kọ ni pé o kó àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ lọ́jọ́ kan. Ohun tó dáa lo ní lọ́kàn, mo mọ̀, gbogbo ẹbí ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n á háyà bọ́ọ̀sì pàápàá. Ṣùgbọ́n platelet mẹ́fà tó dé lọ́jọ́ kan, ọjọ́ kan ló máa parí, èyí tẹ́ ẹ ò bá lò láàárín ọjọ́ márùn-ún á dilẹ̀ dídà nù, àwọn èèyàn yẹn ò sì lè tún fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ títí oṣù mẹ́ta. Mi ò rí fáìlì àbúrò rẹ, mi ò lè sọ iye ìgbà tó ṣì máa gbà á, bi dókítà ẹ̀ ní ìgbà tí kímò tó kàn máa bọ́ sí, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni platelet sábà máa ń já, ìgbà yẹn ni kó o fi èèyàn sí. Bi wọ́n bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń gba platelet nìkan lára ẹnì kan, ó máa ń tó wákàtí kan ààbọ̀, ẹnì kan ṣoṣo á pèsè ohun tí bíi mẹ́rin sí mẹ́fà ń pèsè, owó ohun èlò ẹ̀ ló máa ń wọ́n. Tí ò bá sí, ibi tí wọ́n ti ń ya platelet sọ́tọ̀ gan-an ni kí àwọn èèyàn rẹ ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lọ láàárọ̀, torí tí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá ti wọ fíríìjì kí wọ́n tó ya á, platelet inú ẹ̀ ti lọ. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Rọra ná. Tí àwọn dókítà bá ń sọ̀rọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, tó bá ti gba ẹ̀jẹ̀ yín tẹ́lẹ̀ ara ẹ̀ lè ti kọ̀ yín kó tó dọjọ́ yẹn, nítorí náà ẹ má fún un láìbéèrè. Wá àwọn ọ̀rẹ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àwọn tẹ́ ẹ jọ kàwé, kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn sílẹ̀ ní méjì méjì fún ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó o sì pè wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú láti sọ fún wọn kí wọ́n má lo aspirin, torí platelet tó bá ti fẹnu kan aspirin kò ní lè ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́ títí ọjọ́ ayé ẹ̀ á fi pé.